Ọjọ́ Orí Ìyá Àgbà: Ẹ Bi Àwọn Ọmọ Tí Ó Bí

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín kí n sọ̀rọ̀ lórí ọjọ́ orí tí a ń kọ sára ìkéde òkú àwọn ìyá àgbà wa. Léraléra ni a ń rí àwòrán ìyá arúgbó tí wọ́n kọ 120 tàbí 125 sábẹ́ rẹ̀, tí àbígbẹ̀yìn rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ìkéde kan náà, kò sì tíì pé 60. Ẹni tó bá dúró ṣe ìṣirò yóò rí i pé ìyá náà ti lé ní 60 kí ó tó bí i. N kò sọ pé àwọn ẹbí ń purọ́. Ẹ̀mí gígùn ni wọ́n ń yọ̀ sí, kò sì sẹ́ni tó rántí pé ọjọ́ orí ìyá gbọ́dọ̀ bá ti ọmọ mu.

Ẹ jẹ́ kí a fi Afala, ìyá Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, wò ó. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó tó ẹni ọdún 97 nígbà tí ó kú ní Èkó, ní oṣù kẹwàá ọdún 1883. Èyí já sí pé nǹkan bí ọdún 1786 ni wọ́n bí i, nígbà tí ẹnikẹ́ni kì í kọ ọjọ́ ìbí sílẹ̀ ní agbègbè Òṣogùn, ìlú tí wọ́n ti bí Crowther. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ kọ lẹ́tà kan láti Fourah Bay ní Sierra Leone ní 1837 sí akọ̀wé C.M.S., ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nnárì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ó ti ròyìn bí ogun ṣe kó Òṣogùn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, tí ó sì dárúkọ àwọn tí wọ́n jọ mú: ìyá rẹ̀, ìbátan rẹ̀ kan, àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ọwọ́ bí oṣù mẹ́wàá. Ọmọ ọwọ́ yìí gan-an ni ẹlẹ́rìí wa. Bí ó bá jẹ́ pé 1786 ni wọ́n bí Afala, ẹni bí ọdún 34 ni nígbà tí ó bí ọmọ náà, àti ẹni bí ọdún 22 nígbà tí ó bí Àjàyí, tó ti tó ọmọ ọdún 13 nígbà ogun. Ó bára mu. Ká ní àwa ni a kọ ìkéde rẹ̀, tí a sì fún un ní 125 bí a ti ń ṣe lónìí, ẹni ọdún 63 ni ìbá jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n fi okùn mú un tòun tọmọ ọmú.

Àkọsílẹ̀ tí Crowther ń fi ránṣẹ́ sí C.M.S. ló tún gbé wa dé Abẹ́òkúta, níbi tí ìyá àti ọmọ ti fojú kanra ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1846, lẹ́yìn ọdún 25 ó lé, nínú ìlú tí wọn kò tíì tẹ̀ dó nígbà tí wọ́n pínyà. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1848, wọ́n tẹ ìyá náà bọmi, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hannah, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Ẹni tó bá ń wá Afala nínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì láti ọjọ́ náà lọ lè wá a tì, nítorí Hannah ni yóò bá níbẹ̀. Ẹ̀mí rẹ̀ gùn dé ibi pé nígbà tí ó kú, Herbert Macaulay, ọmọ Abigail ọmọ Crowther, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún 19.

Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ìyá ńlá wa kò bí bíṣọ́ọ̀bù, àti pé ìyá lágbájá lásán ni wọ́n jẹ́ nínú ọ̀pọ̀ ìwé. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a máa gba ọ̀dọ̀ ọmọ lọ bá wọn. Ìwé ìtẹ̀bọmi àwọn ọmọ ni kí a kọ́kọ́ wá. Bí Yétúndé tàbí Ìyábọ̀ bá wà nínú rẹ̀, ìyá àgbà kan ti kú nínú ìdílé náà kí wọ́n tó bí i, ọdún tí wọ́n sì bí ọmọ náà di ààlà fún ọdún ikú tí ẹnikẹ́ni kò kọ. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ohun mìíràn tún wà tí a kì í kà sí: láti 1918 títí di ìgbà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ fi bá owó-orí obìnrin jà ní ìparí àwọn ọdún 1940, àwọn obìnrin ń san owó-orí lọ́tọ̀ sí ti ọkọ wọn, láti ẹni ọdún 15. Ìwé owó-orí ọdún 1925 tó bá wà nísàlẹ̀ àpótí ìyá yín ń sọ fún yín pé wọ́n ti bí i ní 1910 ó pẹ́ tán. (Àwọn agbowó-orí a máa fi ojú díwọ̀n ọjọ́ orí ọmọdébìnrin, èyí sì wà lára ohun tó bí àwọn obìnrin nínú, nítorí náà kí a fi ọdún kan tàbí méjì sílẹ̀.) Ìyá tó bá ṣì wà láàyè, ẹ má wulẹ̀ bi í ní iye ọdún. Ẹ bi í bóyá ó ti wọlé ọkọ ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 1947 tí oòrùn ṣókùnkùn lọ́sàn-án, àti pé ta ni ó ń pọ̀n nígbà náà.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀, Olóòtú. Nígbà tí ẹbí kan bá gbé ìkéde òkú ìyá tí wọ́n ní ó ti lé ní 100 wá sí ọ́fíìsì yín, kí akọ̀wé yín bi wọ́n ní ọdún tí wọ́n bí àkọ́bí rẹ̀ àti ọdún tí wọ́n bí àbígbẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì tẹ ọdún méjèèjì sábẹ́ àwòrán rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ní ìwé ìtẹ̀bọmi tàbí ìwé owó-orí ìyá náà lọ́wọ́, ẹ bá wọn tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìkéde náà láìgba owó kún owó.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Abẹ́òkúta