Lẹ́tà sí Mọ́mì Ìlá, nípa fọ́tò ìbejì tó wà lókè ẹnu ọ̀nà

Mọ́mì Ìlá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà. Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, ẹdunjọbí, ṣé ara le? Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí n máa pè yín lórí fóònù ju kí n kọ̀wé lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí mo lè sọ kí nẹ́tíwọ̀kì má já a sí méjì. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó wà lọ́dọ̀ yín kà á sí yín létí, kó rọra kà á.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò yín àti Táyé ni, èyí tí Ìyá Àgbà gbé kọ́ sókè ẹnu ọ̀nà yàrá wọn.

Ẹ ó rántí ọjọ́ tí mo dójú tì yín níwájú àlejò. JSS 2 ni mo wà nígbà náà. Ìyá kan tó ti ṣọ́ọ̀ṣì bá yín wálé wo fọ́tò yẹn, ó ní, “Ìbejì yìí mà jọra o!” Kí ẹ tó lanu, mo ti fò dìde. Mo ní wọn kì í ṣe méjì, Mọ́mì nìkan ni, ẹ wo bàtà wọn. Mo na ìka sí i: okùn bàtà ẹsẹ̀ òsì tú lára ọmọ tó jókòó lápá ọ̀tún, ó sì tú bákan náà gẹ́lẹ́ lára èyí tó jókòó lápá òsì. Inú mi ń dùn pé mo rí ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí. Ẹ ò nà mí, ẹ ò bá mi wí. Ẹ kàn fi ọwọ́ hàn án, ẹ ní, “Èmi rèé. Táyé rèé.” Ẹ bá wọ ilé ìdáná lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi láti oṣù tó kọjá.

Ẹ mọ̀ pé fọ́tò yíyà ni mo ń kọ́ níbí. Ní sáà yìí, olùkọ́ wa ní ká gbé fóònù àti kọ̀ǹpútà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ká lọ kọ́ àwọn ọ̀nà tí àwọn èèyàn gbà fi ìmọ́lẹ̀ dán nǹkan wò láyé àtijọ́. Èyí tí a kọ́kọ́ ṣe ò ní kámẹ́rà nínú rárá. A po oògùn méjì pọ̀ nínú òkùnkùn, irin wà nínú méjèèjì, a fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sórí pépà, a tẹ́ ewé lé e, a gbé e sóòrùn. Nígbà tí a fi omi ṣàn án, pépà tó ti rí bí eérú bẹ̀rẹ̀ sí í di àwọ̀ aró lójú wa. Ẹ̀yin tí ẹ bá Ìyá Àgbà rẹ aṣọ mọ̀ ọ́n: bí aṣọ ṣe máa ń jáde nínú ìkòkò pẹ̀lú àwọ̀ ewé, tí afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, tó sì dúdú. Gẹ̀ẹ́sì kan, John Herschel, ló ṣàwárí ti pépà yìí ní 1842. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni Anna Atkins bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe ìwé, ewéko inú òkun ló tẹ́ lé e. Èmi fi ewé tẹ̀tẹ̀ ṣe tèmi. Tiyín ni, n ó mú un bọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn la wọ yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò. Iná pupa nìkan ló máa ń wà níbẹ̀, torí iná pupa kì í ba pépà fọ́tò dúdú-òun-funfun jẹ́. Ẹ ó ju pépà funfun sínú omi oògùn, ẹ ó máa mì ín jẹ́jẹ́, irun èèyàn á kọ́kọ́ yọ, ojú á tẹ̀ lé e, ara á wá yọ níkẹyìn. Mo ti rí i láìmọye ìgbà báyìí, síbẹ̀ bó bá ti ń yọ, mi ò kì í lè sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kan ni olùkọ́ wa ń sọ nípa títẹ àwòrán méjì sórí pépà kan. Ó dárúkọ àwọn ayàwòrán tó fi irú nǹkan báyìí lókìkí ní Yúróòpù ní nǹkan bí 1920 sí 1930, Man Ray ní Paris, Moholy-Nagy ní Jámánì. Ó wá gbé fọ́tò mìíràn sójú ògiri, ìbejì méjì lórí àga. Ó ní Ìlá Ọ̀ràngún ni wọ́n ti ya á.

Orí mi wú, Mọ́mì.

Ó ní ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Stephen Sprague wá sí ilẹ̀ wa ní àwọn ọdún 1970, ó wà pẹ̀lú àwọn fọ́tógíráfà Ìlá, ó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní 1978. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ láìjẹ́ pé wọ́n ti jọ ya fọ́tò rí, wọ́n á gbé èyí tó kù wá. Fọ́tógíráfà á ya òun nìkan, á wá tẹ fíìmù kan náà lẹ́ẹ̀mejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bó bá jẹ́ akọ àti abo ni wọ́n, èyí tó kù á wọ aṣọ ọkùnrin, wọ́n á ya á, á tún wọ aṣọ obìnrin, wọ́n á tún ya á. Níbi tí ẹ̀sìn ò ti jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ère ìbejì mọ́, fọ́tò yìí ló dúró fún ère.

Iṣẹ́ tí olùkọ́ fún wa ni pé kí kálukú ṣe irú rẹ̀. Mo gbé ọmọ kíláàsì mi kan jókòó síwájú aṣọ, mo ya á. Mo rò pé títẹ̀ ẹ́ ò ní le: ẹ fi páálí dúdú bo ìdajì pépà, ẹ tan ìmọ́lẹ̀ gba inú fíìmù, ẹ gbé páálí sí ìdajì kejì, ẹ tún tan án. Ṣùgbọ́n bí páálí bá yẹ̀ báyìí péré, ìmọ́lẹ̀ á kan ibì kan lẹ́ẹ̀mejì, ìlà dúdú á là wọ́n láàárín. Bó bá yẹ̀ sí òdì kejì, ìlà funfun ni. Pépà 11 ni mo bà jẹ́, pépà yìí sì wọ́n gidi, òkè òkun ló ti ń wá.

Mo wá ní kí ọmọ ọ̀dọ̀ yín ya fọ́tò tiyín ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mo fẹ̀ ẹ́ títí, mò ń wá ojú ibi tó ti so wọ́n pọ̀. Mi ò rí i. Ó pẹ́ kí n tó rí i: inú ìṣẹ́po kọ́tìnì tó wà lẹ́yìn yín ni fọ́tógíráfà tó ya yín fi í pamọ́ sí. Òjìji ìṣẹ́po yẹn ló gbé ìlà náà mì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nídìí ẹní nìkan ni ìhun ọ̀tún àti ti òsì ò ti bára mu. Ọkùnrin yẹn ti mọ̀ kó tó tẹ kámẹ́rà pé ibẹ̀ ni òun máa gé e sí. Ó ti fi àyè Táyé sílẹ̀ kí ẹ tó jókòó.

Olùkọ́ wa ń pè é ní ìdánwò. Mo bọ̀wọ̀ fún olùkọ́ mi, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Man Ray ń dán nǹkan wò. Ẹni tó ya yín ò dán nǹkan kan wò, ìyá kan ló gbé ọmọ kan wá bá a tó ní kó fi méjì lé òun lọ́wọ́, ó sì gbọ́dọ̀ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá gbà á. Mo ń rò ó pé bóyá Ìyá Àgbà ló wọ bàtà yẹn fún yín lọ́jọ́ náà, tí ọwọ́ wọn ò sì balẹ̀ láti so okùn rẹ̀. Ṣé ẹ rántí? Ṣé ẹ sọkún?

Ẹ dárí jì mí, Mọ́mì. Òótọ́ ni ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mi ò mọ ohun tí mò ń wò.

Mo rí i pé ìsàlẹ̀ fọ́tò ti lẹ̀ mọ́ dígí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i. Bí wọ́n bá fà á, ojú fọ́tò á bá dígí lọ. Ẹ má ṣe fi aṣọ tútù nù ún, ẹ sì gbé e kúrò lára ògiri yẹn kí òjò tó dé. N ó gbé kámẹ́rà bọ̀ ní Kérésì, n ó ya á láti òde dígí bó ṣe wà, n ó tẹ ọ̀kan fún Bàbá mi.

Mo tún fẹ́ ya ẹ̀yin náà, lórí àga, pẹ̀lú kọ́tìnì lẹ́yìn. Bí ẹ bá fẹ́ kí n tẹ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì, mo ti mọ̀ ọ́n ṣe báyìí. Táyé náà ì bá ti máa sún mọ́ ọgọ́ta ọdún. Ẹ sọ aṣọ tí ẹ ó wọ̀ fún mi, kí n lè mọ irú kọ́tìnì tí n ó wá.

Èmi ni,
ọmọ àbúrò yín.