Ọ̀rẹ́ mi, ṣé o rántí ibi tí wáṣà méjì yìí wà?

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí lẹ́tà rẹ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, àmọ́ mi ò fẹ́ fèsì títí n ó fi ní ohun gidi kan láti sọ nípa ọkọ̀ wa, Borgward Isabella àtijọ́ tí a jọ bẹ̀rẹ̀ sí tún ṣe. Mo ṣì ń pè é ní ọkọ̀ wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ti jìn láàárín èmi àti ìwọ. Ìwọ lo gbé tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tí a bá ìtẹ́ eku lórí ẹ́ńjìnì. Inú mi dùn láti sọ fún ọ pé ẹ́ńjìnì ọ̀hún ti yí. Kò tíì jó epo o, ọwọ́ ni mo fi yí i, àmọ́ ó yí.

O bi mí pé kí ló dé tí mi ò kàn wá ẹ́ńjìnì ìgbàlódé kan sọ sínú rẹ̀, kí n máa wà á lọ. Mo ti rò ó. Ṣùgbọ́n rántí irú ọkọ̀ tó jẹ́. Ilé iṣẹ́ Borgward tó ṣe é ní Bremen, ní Jámánì, kógbá wọlé ní ọdún 1961. Ọdún 1954 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé Isabella jáde, wọ́n sì ti ṣe é ju 200,000 lọ kí gbogbo rẹ̀ tó dá dúró. Carl Borgward fúnra rẹ̀ kú ní 1963. Ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ tó bí i bá ṣì wà, ẹnì kan á wà níbì kan tó ń tọ́jú ìwé àti àwòrán rẹ̀. Ọmọ òrukàn ni tiwa. Púpọ̀ nínú ohun tí ayé mọ̀ nípa rẹ̀ wà lára àwọn tó ṣẹ́ kù, àti lórí àwọn tó ti tú wọn rí. Bí mo bá yọ ẹ́ńjìnì yẹn dànù, bí ẹni dáná sun ìwé ló máa rí lára mi.

Jẹ́ n ròyìn bó ṣe yí. O mọ̀ pé gbogbo agbára àwa méjèèjì ò mì í. Lẹ́yìn tí o lọ, mo yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo da dísẹ́ẹ̀lì sínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan kí ohun tó lẹ̀ mọ́ra lè tú, mo sì fi í sílẹ̀. Bí ó bá ti fà, màá bu díẹ̀ sí i. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ki ṣípánà bọ nọ́ọ̀tì tó wà lórí kiránkì, irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnì, mo tì í díẹ̀, mo fà á padà díẹ̀, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Kò mì. Lọ́jọ́ kejì, ó mì bí ìdajì èékánná. Mi ò fi agbára kún un rárá, torí òrùka písítìnì tó bá ti lẹ̀ mọ́ ara sílíńdà, agbára ló ń ṣẹ́ ẹ. Ọjọ́ kẹrin ló yí odindi ìyípo kan. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí, omi ń bọ́ lójú mi, mo sì ń wá ẹni tí n ó pè.

Àwọn òrùka náà ò ṣeé lò mọ́ ṣá. Gbogbo ẹni tí mo dárúkọ Isabella fún ló ń mirí. Nígbà tó yá, mo jáwọ́ nínú dídárúkọ. Mo fi kálípà, irinṣẹ́ ìwọ̀n, wọn ihò sílíńdà, ó jẹ́ 75 mìlímítà. Písítìnì ń rìn 84.5 láti òkè dé ìsàlẹ̀, òun ló fi jẹ́ ẹ́ńjìnì 1,493 cc. Mo wọn bí òrùka ṣe nípọn, mo wọn bí kòtò tó jókòó sí ṣe jìn. Mo wá ń béèrè òrùka 75 tó nípọn báyìí báyìí, kò sì sẹ́ni tó tún bi mí pé ọkọ̀ wo ni.

Ti bẹ́árìn tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ó gbé orúkọ ara rẹ̀ sára. Mo fi pẹtiróòlù fọ ọ̀kan títí 6205 fi yọ lára irin. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ti Borgward, gbogbo ayé ló ni ín: ihò inú 25 mìlímítà, ìta 52, nínípọn 15. Mú 05 tó gbẹ̀yìn yẹn, sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún, o ti ní ihò inú. Ó dùn mí pé a ò mọ èyí nígbà tí a jọ ń wo àwọn bẹ́árìn yẹn bí ẹni ń wo òkú.

Ṣùgbọ́n ti wáyà ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Rọ́bà ara wọn ń rún bí ewé gbígbẹ, àwọ̀ gbogbo wọn ti di dúdú kan náà, a ò sì ní àwòrán iná kankan. Mo ti ń sọ̀rètí nù kí n tó fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ẹ̀yìn suwíìṣì. Nọ́ńbà kéékèèké ló wà níbi tí wáyà kọ̀ọ̀kan ti wọlé. Àwọn ará Jámánì ní nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sójú iná lára ọkọ̀ wọn, ọkọ̀ yòówù kó jẹ́. 30 ni iná tó ti bátìrì wá tààrà, tí kì í kú. 15 ni èyí tó ń jí bí o bá yí kọ́kọ́rọ́. 31 ni ẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì, 50 ń lọ sí sítátà, 56 ni iná ńlá iwájú, 58 ni àwọn iná kékeré àti ti ẹ̀yìn. Mo tẹ́ páálí ńlá kan, mo kọ nọ́ńbà wọ̀nyí sí i, mo ń fi mítà tọ wáyà kọ̀ọ̀kan láti orí dé ìdí. Alẹ́ mọ́kànlá ni mo fi ṣe é. Ìwé tí a wá tì wà lára ọkọ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn, lábẹ́ eruku.

Mo sì fi bátìrì rẹ̀ sílẹ̀ ní fólítì (volt) 6. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé kí n yí i sí 12, pé 6 ò lágbára. Gílóòbù tí wáàtì wọn dọ́gba, èyí tó wà lórí 6 ń fa iná ìlọ́po méjì gba inú wáyà; nítorí náà wáyà gbọ́dọ̀ nípọn, ojú ẹ́ẹ̀tì sì gbọ́dọ̀ mọ́. Ìdógùn-ún tó wà láàárín wáyà àti ara ọkọ̀ ló ń jẹ iná náà. Mo fi sáńpépà ha gbogbo ojú ẹ́ẹ̀tì títí irin fi ń dán, iná iwájú sì tàn tí mo fi gbójú kúrò.

Ohun kan wà tí mo ṣe tó ṣì ń dùn mí. Rọ́bà tó di gíláàsì iwájú mú ti le koko, ó ti fọ́ yángá. Mo yọ ọ́, mo sì kó o dànù láì wọ̀n ọ́n. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe: mi ò mọ bí kòtò ara rẹ̀ ṣe rí mọ́, ìwé kankan ò sì lè sọ fún mi. Mo wá kiri ara férémù títí mo fi rí ègé kan ní kọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀, kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lọ. Mo fi abẹ gé e gbọọrọ, mo tẹ ojú rẹ̀ mọ́ ìwé, mo fi pẹ́ńsù yà á yíká, àwòrán yẹn ni mo fi rí rọ́bà tó bá a mu. Láti ọjọ́ náà, ohun yòówù kó jẹ́, bó ti wù kó bàjẹ́ tó, inú ọ̀rá ló ń lọ, pẹ̀lú ìwé pélébé tí mo fi pẹ́ńsù kọ, torí epo máa ń fọ yíǹkì dànù.

Bírékì ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, ti fi idẹ bo inú àwọn sílíńdà rẹ̀ tó ti jẹ, rọ́bà inú rẹ̀ sì jẹ́ tuntun tó bá ihò mu rẹ́gí. Mo lè fi pépà gé gáásìkẹ́ẹ̀tì omi lọ́wọ́ ara mi, àmọ́ mi ò ní dá ọgbọ́n kankan sí ohun tó ń dá ọkọ̀ dúró.

Ibi tí mo ti nílò rẹ nìyí. Ìwọ lo tú ọ̀pá gíà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn. Abẹ́ ọkọ̀ ni mo wà lọ́jọ́ náà, tí mò ń bá bóòtù páìpù èéfín jìjàkadì. Ìwọ ń kó ohun tí o ń yọ sínú agolo. Agolo náà wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Mo ti tò ó padà nígbà mẹ́fà. Gíà kìíní àti ìkejì ń wọlé. Bí mo bá fẹ́ bọ́ sí ìkẹta, ọ̀pá á há. Wáṣà méjì ló ń ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́: ọ̀kan pẹlẹbẹ, ọ̀kan rí kọ́lọkọ̀lọ bí ìgbì omi, ó sì ń ta padà bí sípíríìnì bí mo bá tẹ̀ ẹ́. Ìwé èdè Jámánì kan tí mo rí gbà, ojú ewé gíà gan-an ló ti ya kúrò nínú rẹ̀. Mo kọ̀wé sí ẹnì kan tó ní irú rẹ̀. Kò tú tirẹ̀ rí, ẹ̀rù sì ń bà á láti tú u. Mi ò bá a wí.

Mo ti ya àwòrán wáṣà méjèèjì sínú àpòòwé yìí, bí wọ́n ṣe tóbi gẹ́lẹ́. Jọ̀ọ́, má kàn fi ojú wò ó. Di ojú rẹ, kí o gbé ọwọ́ sókè bíi pé o wà lábẹ́ sítíárìn yẹn. Èwo ló kọ́kọ́ bọ́ sí ọ lọ́wọ́? Ṣé ọ̀kan nínú wọn lẹ̀ mọ́ gíríìsì? Mo bi ọ́ bẹ́ẹ̀ torí àpá gíríìsì gbígbẹ kan wà lára ọ̀pá náà, ó rí róbótó, ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 18, àwọn wáṣà méjèèjì ló sì bá a mu. Mi ò tíì nù ún. Mi ò ní nù ún títí èsì rẹ á fi dé.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.