Ẹ jẹ́ káwọn onífèrè wa ráyè nínú páàkì

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé èyí jáde, torí ó ń dùn mí láti Sátidé.

Mo kó àwọn ìbejì mi lọ sí páàkì kan níbí n'Ìkẹjà nírọ̀lẹ́, a ò tíì jókòó dáadáa tá a fi gbọ́ fèrè, àṣé bráàsì bándì àdúgbò ni, wọ́n tó bíi 12, wọ́n dúró yípo lábẹ́ igi, trumpet, trombone, ìlù ńlá, àti fèrè ràbàtà yẹn tí wọ́n máa ń gbé kọ́rùn, ọmọ tó gbé e ò lè ju ọmọ 17 ọdún lọ. Orin ìyìn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n wá yí i sí highlife, ká tó ṣẹ́jú ìyá tó ń ta ẹ̀pà ti sọ igbá kalẹ̀ ó ti ń jó. Kò sí máìkì kò sí jẹnẹrétọ̀, èémí àti ètè lásán, a sì ń gbọ́ wọn dé ẹnu géètì!

Kò tíì tó 30 mínìtì tí sìkìọ́rítì fi dé, ó ní wọn ò gba pámíìtì, kí wọ́n lọ sanwó kí wọ́n tó fun fèrè. Àwọn ọmọ yẹn ò bá a jiyàn rárá, wọ́n da itọ́ inú fèrè wọn nù, wọ́n kó o sápò, wọ́n lọ.

Ṣé àjèjì ni fèrè l'Ékòó ni? Níbi Fàntí àti Kárétà, àwọn kánífà Èkó yẹn, onífèrè ló ń mú wọn jó. Bàbá Victor Olaiya fèrè ló sọ ọ́ dèèyàn ńlá, Fẹlá náà, trumpet ló kọ́kọ́ gbé dání, kódà nígbà tó lọ sí London ní 1958, orin ló kọ́. Ní báyìí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òde òkú nìkan la ti ń rí àwọn onífèrè, tí wọ́n bá ń gbé pósí jó. Freedom Park ní Broad Street, ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn òyìnbó ni tẹ́lẹ̀ o, ibẹ̀ ni wọ́n ti Herbert Macaulay mọ́, wọ́n sọ ọ́ di páàkì ní 2010, orin ló ń lọ níbẹ̀ báyìí. Tí ẹ̀wọ̀n bá lè gba onílù àtonífèrè, kí ló dé tí abẹ́ igi ò lè gbà wọ́n?

Ohun tí mò ń bẹ àwọn tó ń bójú tó páàkì ò pọ̀, ẹ fún wọn ní aago mẹ́rin sí mẹ́fà ní Sátidé, lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n kọ orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín, tí wọ́n bá pe ìrun kí wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Ẹ má gba owó lọ́wọ́ ọmọ tó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó yá fèrè tó ń fun ni.

Táyé ti sọ ìgò omi di trumpet láti ọjọ́ náà. Lánàá ó bi mí bóyá wọ́n máa wá ní Sátidé yìí, mi ò tíì dá a lóhùn.

Èmi ni Ìyá Ìbejì,
Ìkẹjà.