Sí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ta sẹ́lò: ẹ má jẹ́ kí omijé gba ọrun lọ́wọ́ yín

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà nídìí sẹ́lò, fayolín ńlá tí a ń jókòó fi ọrun ta. Orin alámárùn-ún (fayolín méjì, fíólà kan àti sẹ́lò méjì) tí Schubert, olùkọ orin ará Austria, kọ sí ohùn C major, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ nínú àkójọ iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ D. 956, máa ń mú omi bọ́ lójú ẹni tó ń ta á. Ojú tó bá sì kún fún omi kì í rí ìwé orin. Ìdí nìyí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ikú. Lóòótọ́, ọdún 1828 ni Schubert kọ ọ́ ní Vienna, nígbà tí oṣù díẹ̀ péré kù fún un láyé. Ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá ọdún náà ló kú, ẹni ọdún 31. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ máa ń ta á bí orin ìsìnkú láti nóòtù àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún yẹn, Schubert kọ̀wé sí atẹ̀wé kan pé òun ti parí orin náà, pé wọn yóò dán an wò láìpẹ́. Ẹni tó ń retí àtigbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló kọ ìwé yẹn, kì í ṣe ẹni tó ń dágbére. Ọdún 1850 ni wọ́n tó ta á ní gbangba, 1853 sì ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ìbànújẹ́ ikú rẹ̀, tiwa ni, kò sí nínú nóòtù. Tí ẹ bá ti sunkún tán ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ni yóò kù fún yín níbi tí ẹkún wà gan-an?

Fíólà méjì (fíólà tóbi díẹ̀ ju fayolín lọ) ni Mozart, olùkọ orin tó ṣáájú rẹ̀, fi kọ àwọn alámárùn-ún tirẹ̀. Sẹ́lò méjì ni Schubert yàn, kí ọ̀kan lè di ìsàlẹ̀ mú, kí èkejì lè bọ́ sókè lọ kọrin. Ní báà 60 ìpín kìíní (báà ni ìdì ìlù kan nínú ìwé orin), àwọn sẹ́lò méjèèjì jọ kọrin ní ohùn E-flat, fíólà ló sì ń fi ìka ta ìsàlẹ̀ fún wọn. Ohun tó ń ba ibẹ̀ jẹ́ ni pé sẹ́lò kìíní á máa mi ìka lórí okùn gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ bí ẹni tó dá dúró níwájú ẹgbẹ́ akọrin ńlá. Ẹ kọ́kọ́ ta á láì mi ìka rárá, títí ohùn méjèèjì yóò fi wọ ara wọn. Lẹ́yìn náà kí ẹ fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí ọrun (igi onírun tí ẹ fi ń fa okùn) yóò ti yí padà, kí ẹ tó dá ìmìka padà díẹ̀díẹ̀.

Adagio, ìpín kejì, ni ọ̀rọ̀ wà. Ohùn E major ni, 12/8 (ìlù kéékèèké méjìlá nínú báà kan), pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Fayolín kejì, fíólà àti sẹ́lò kìíní ló di orin gígùn náà mú. Fayolín kìíní ń sọ ọ̀rọ̀ kúkurú lókè, sẹ́lò kejì ń fi ìka ta nísàlẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: tí ẹ bá ka ìlù kéékèèké 80 ní ìṣẹ́jú kan, báà kan yóò gba ìṣẹ́jú àáyá 9. Irun ọrun sẹ́lò kò sì gùn ju bí 60 cm lọ. Ẹni tó bá ná ìdajì rẹ̀ ní ìlù àkọ́kọ́ yóò fi ìyókù tẹ okùn mọ́lẹ̀, ohùn á fún. Ẹ sún ọrun mọ́ afárá (igi tó gbé okùn sókè) díẹ̀, ẹ dín ìyára rẹ̀ kù, kí ìwúwo apá máa sọ̀ láti ìgbọ̀nwọ́. Lójoojúmọ́, ẹ fa okùn G lófìfo (láì fi ìka tẹ̀ ẹ́) fún ìṣẹ́jú àáyá 9, kí ẹ mú un gùn dé 12, kí ẹ tó gbìyànjú 20. Kí àwọn mẹ́ta tó ń kọrin má sì yí ọrun padà lẹ́ẹ̀kan náà, kí etí má baà gbọ́ ojú rírán.

Ìwọ tí o jókòó sí sẹ́lò kejì, má rò pé wọ́n fi ọ́ sẹ́yìn. Gúdúgúdú ni ọ́ nínú ẹgbẹ́ yìí: bí ìyáàlù bá ń sọ̀rọ̀, tìrẹ kò gbọdọ̀ yẹ̀. Fi ẹran ìka ta okùn, kì í ṣe èékánná, lórí pátákó ìka, jìnnà sí afárá, kí o sì jẹ́ kí ìka òsì dúró pẹ́ kí nóòtù lè dún tán. Bí àánú bá ṣe ọ́ tí o fà sẹ́yìn, gbogbo ilé á wó, torí àwọn mẹ́ta yẹn kò ní ohun mìíràn tí wọ́n lè gbára lé.

Lẹ́yìn náà ni nóòtù E kan gbọ̀n tìrì, ó gòkè sí ohùn F minor. Ibẹ̀ ni ẹkún wà. Fayolín kìíní àti sẹ́lò kìíní ń ké orin kan náà, sẹ́lò kejì ń rú gùdù nísàlẹ̀. Ọ̀fun á fún, èjìká ọ̀tún á gòkè, àtàǹpàkò á di igi ọrun mú ṣinṣin, ọrun á sì máa gbọ̀n láàárín. Ìpáyà àtàǹpàkò ló ń gbọ̀n ọrun, kì í ṣe ìfẹ́ orin. Ẹ mí jáde nígbàkígbà tí ọrun bá yí padà, kí àtàǹpàkò tẹ̀ díẹ̀ ní oríkèé. Nínú ìdánrawò, ẹ ta á lẹ́ẹ̀kan láì fi agbára sí i rárá, kí ara mọ ọ̀nà kí ọkàn tó wọlé. Nígbà tí E major bá padà, sẹ́lò kejì ní nóòtù tó ń sáré. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹni tó kọ́kọ́ ta á ló máa ń ta á kíkan jù.

Nípa ohùn dídọ́gba: tí ẹ bá to okùn yín láti A wálẹ̀ ní ìkarùn-ún (àlàfo nóòtù márùn-ún láàárín okùn kan àti èkejì) tó mọ́ kedere, C yín yóò lọ sílẹ̀ jù fún okùn E fayolín. Ẹ gbé C sókè ìwọ̀nba díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí fayolín kìíní ta E lófìfo, kí ẹ jọ gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ sẹ́lò sì ní nóòtù tó ń hu bí ìkookò ní àyíká E sí F-sharp lórí okùn G, ibi tí Adagio kò lè yẹra fún. Ẹ gbé e lọ sórí okùn D, tàbí kí ẹ fi orúnkún há ara sẹ́lò, tàbí kí ẹ fi irin kékeré tó wà fún un sórí okùn lẹ́yìn afárá. Ẹ̀yin tó wà ní Èkó, ọyẹ́ á mú kí èèkàn okùn máa yọ̀, òjò á mú kí wọ́n há. Ẹ dé ibi tí ẹ ó ti ta ní wákàtí kan ṣáájú.

Tí Adagio bá parí, ẹ má sáré. Ẹ nu ọwọ́, ẹ na ìka, ẹ yẹ okùn C àti G wò dáadáa, torí Scherzo, ìpín kẹta, yóò bú jáde pẹ̀lú okùn lófìfo, kò sì sí ìka tó lè bá yín tún un ṣe níbẹ̀.

Èmi ni,
Àgbà yín nídìí sẹ́lò.