Ọmọ mi, má tíì jẹ́ kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì náà

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí iṣẹ́ tí o rán. O ní iná ọ́ìlì pupa ṣàdédé tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, o dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹni tó wá wò ó sì ní bẹ́árìn (irin fẹ́lẹ́ tí ọ̀pá inú ẹ́ńjìnnì ń yí lé lórí) ti jẹ, kí ẹ tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀. O ṣeun tí o pa ọkọ̀ náà lójú ẹsẹ̀. Má ṣe tàn án mọ́ láti fi wò ó bóyá iná náà ti lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ títú ẹ́ńjìnnì, má tíì gbà fún wọn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Iná yẹn nìkan ló tíì sọ̀rọ̀ nínú ẹjọ́ yìí.

Mọ ohun tí iná náà ń wí ná. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, sẹ́ńsọ̀ tó ń tàn án kì í dá sí ohunkóhun títí prẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì, ìyẹn agbára tí ọ́ìlì fi ń tì, yóò fi wálẹ̀ dé nǹkan bíi 4 sí 7 psi (òṣùwọ̀n prẹ́ṣọ̀). Bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná, tó sì ń sáré lójú ọ̀nà, sábà máa ń wà láàárín 25 sí 65 psi. Bí iná náà bá ń sọ òótọ́, a jẹ́ pé prẹ́ṣọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kó tó tàn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ gbọ́ "n ó rọra wà á délé" lẹ́nu ẹ̀yin ọmọ. Crankshaft, ọ̀pá irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, kì í fara kan bẹ́árìn nígbà tó bá ń yí, ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà láàárín wọn, àlàfo ibẹ̀ ò sì tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Bí ọ́ìlì bá ti kúrò níbẹ̀, irin á máa ha irin, kò sì ní pẹ́ rárá kó tó bà jẹ́ kọjá àtúnṣe.

Ibi tí o máa ti bẹ̀rẹ̀ kò gba sípánà kankan. Kí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ́ńjìnnì ti kú fún bí ìṣẹ́jú 10. Fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ, nù ún, tì í bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀, kí o tún fà á yọ. Ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí ni kí o kà. Bí ọ́ìlì ò bá dé àmì ìsàlẹ̀, ìbéèrè tó kàn ni pé ibo ló gbà lọ? Wo abẹ́ ọkọ̀, kí o wo ìdí fílítà dáadáa, pàápàá bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ọ́ìlì. Rọ́bà fílítà àtijọ́ lè lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ má rí i, kó sì de tuntun lé e lórí. Rọ́bà méjì kì í dì, ọ́ìlì á sì máa tú jáde. Gbóòórùn ọ̀pá náà pẹ̀lú. Bí ó bá ń rùn bíi pẹtiróòlù, pẹtiróòlù ti ń já sínú ọ́ìlì, ó sì ti mú kó ṣàn jù. Bí ọ́ìlì bá ti funfun, omi rédíétọ̀ ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Èyíkéyìí nínú méjèèjì, ọkọ̀ náà ò gbọdọ̀ ṣí kúrò níbẹ̀.

Bí ọ́ìlì bá pé, tó sì mọ́, ó kan sẹ́ńsọ̀. Ara ẹ́ńjìnnì ló wà, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní ìtòsí fílítà. Nínú ooru ló ń gbé, ó sì máa ń bàjẹ́ ju bẹ́árìn lọ fíìfíì. Yọ wáyà orí rẹ̀ kí o wo inú ihò tí wáyà ń wọ̀: bí ọ́ìlì bá ti wọ ibẹ̀, sẹ́ńsọ̀ ti jò, kò ṣeé gbà gbọ́ mọ́. Bí ọkọ̀ rẹ bá jẹ́ irú èyí tí wáyà kan ṣoṣo ń tan iná, yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀ láìtan ẹ́ńjìnnì. Iná náà yẹ kó tàn, kó sì kú bí o bá yọ wáyà. Tí kò bá kú, wáyà náà ti bó níbì kan, ó ń kan irin. Tó bá kú, wáyà ò lẹ́bi, àmọ́ ẹ́ńjìnnì ò tíì bọ́ nínú ẹ̀sùn o.

Ohun tí mo fẹ́ kí o takú lé lórí rèé. Kí wọ́n yọ sẹ́ńsọ̀ yẹn, kí wọ́n de géèjì prẹ́ṣọ̀ ọlọ́wọ́ sí ojú ihò rẹ̀, èyí tó ní rọ́bà gígùn, tí kò gbára lé wáyà kankan. Ìgbà náà nìkan ni kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì. Bí ọwọ́ géèjì ò bá gòkè láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí wọ́n pa á. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ti gbọ́ ìró tó wúwo láti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀, tó ń pọ̀ sí i bí a bá ṣe ń tẹ tọ́tù, kí wọ́n má tàn án rárá, géèjì ò wúlò níbẹ̀ mọ́. Bí kò bá sí irú ìró bẹ́ẹ̀, ka prẹ́ṣọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: nígbà tó tutù, nígbà tó gbóná dáadáa láìtẹ tọ́tù, àti nígbà tó gbóná tí ìyípo rẹ̀ jẹ́ 3000 ní ìṣẹ́jú kan. Ti ìgbà tó tutù máa ń tan èèyàn jẹ, torí ọ́ìlì tutù ki. Ìwé àtúnṣe irú ọkọ̀ náà (workshop manual) ni kí o fi wọ́n wé. Àwọn mẹkáníìkì máa ń sọ pé 10 psi fún ìyípo 1000 kọ̀ọ̀kan. Ó dára láti mọ̀ ọ́n, àmọ́ ìwé lọ̀gá.

Pọ́ǹpù kọ́ ló ń dá prẹ́ṣọ̀ ṣe. Tí rọ́bà omi bá ń ṣàn, tí o fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀ díẹ̀, ṣé o mọ bó ṣe máa ń ta? Àlàfo tóóró ẹsẹ̀ bẹ́árìn ni àtàǹpàkò yẹn. Bí bẹ́árìn bá jẹ, ẹnu á fẹ̀, prẹ́ṣọ̀ á sọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná tó sì ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, á sì gòkè bí o bá tẹ tọ́tù. Ọ́ìlì tó ṣàn jù máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, nítorí náà wo ara agolo ọ́ìlì tí wọ́n dà sí i. Nínú 5W-30, 30 yẹn ló ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná. Bí prẹ́ṣọ̀ bá kéré ní gbogbo ìgbà, mo máa fura sí pọ́ǹpù tàbí fáàfù rẹ̀, èyí tó ń dín prẹ́ṣọ̀ tó bá pọ̀ jù kù, pé ó há sí ṣíṣí. Bí ó bá dára níbẹ̀rẹ̀ tó wá ń já nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń sáré, asẹ́ inú súǹpù (àwo ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì ń gbé) ni ìdọ̀tí ti dí. Sísọ súǹpù kalẹ̀ kí a fọ asẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ títú ẹ́ńjìnnì.

Kí wọ́n gé fílítà àtijọ́ lójú rẹ. Tẹ́ bébà inú rẹ̀ sínú oòrùn kí o yí i síwá-sẹ́yìn. Bí o bá rí ohun tó ń dán wínníwínní, gbé mágínẹ́ẹ̀tì sún mọ́ ọn. Èyí tí mágínẹ́ẹ̀tì ò fà, tó rí bíi bàbà tàbí fàdákà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti bẹ́árìn, ẹni tó ní bẹ́árìn ti jẹ sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́ nìyẹn. Bí bébà bá mọ́, kí ó ṣàlàyé fún ọ ibi tó ti rí tirẹ̀.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ da ọ́ìlì tó ki tàbí oògùn inú agolo sí i kí iná lè kú, má gbà. Iná lè kú lóòótọ́, àmọ́ ohun tó jẹ á ṣì máa jẹ lọ.

Fi nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú fọ́tò géèjì àti ti bébà fílítà. Bí àwọn nọ́ńbà náà bá bá ìwé mu, ẹ pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ kí o máa wa ọkọ̀ rẹ lọ. Bí wọn ò bá bá a mu, pè mí kí o tó dá wọn lóhùn, ká jọ bá ẹni náà sọ ọ́. Màmá rẹ ń kí ọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ