Ọjọ́ Tí Wọ́n Gun Òṣùwọ̀n Kọ́ Ni Ọjọ́ Ìjà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìnáwó ìwé. Èmi kì í kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn. Àgbàdo ni mo ń rà ní Kétu níbí, èmi àti òṣùwọ̀n onírin mi la jọ ń jí, la jọ ń sùn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan láti Àjàṣẹ́ kọ nípa ìjà ẹ̀ṣẹ́ ti dá ìjà gidi sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ọ̀gbẹ́ni náà ní láti ìgbà tí Terence Crawford ti ti ìwọ̀n kékeré gòkè lọ na Canelo Alvarez, kí ẹnikẹ́ni má fi kílò dí òun létí mọ́, pé ọgbọ́n ni ìjà, kílò kò já mọ́ nǹkan kan. Ó wá to ìjà kalẹ̀ bí ẹni ń to ọmọ ayò: kí lágbájá gòkè wá bá tàmẹ̀dò, kí tàmẹ̀dò sọ̀ kalẹ̀ wá bá làkáṣègbè. Àwọn ọmọ tó ń mu kọfí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ka lẹ́tà yìí sókè tán, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti parí.

Kò tíì parí.

Mo jí wo ìjà yẹn, bí ọ̀pọ̀ yín náà ṣe jí. Òru Àbámẹ́ta mọ́jú Àìkú ni fún àwa níbí, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025. Àkùkọ ti ń kọ kí àwọn méjèèjì tó wọlé ní Las Vegas. Crawford jà, adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì dá a láre: 116-112, 115-113, 115-113. Mi ò bá ẹnikẹ́ni du ìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún ọ̀gbẹ́ni Àjàṣẹ́ pé ẹsẹ̀ kan ni Crawford fò tó fi débẹ̀? Kílò 61 ló wà nígbà tó gba bẹ́líìtì àgbáyé àkọ́kọ́ lọ́wọ́ Ricky Burns ní Glasgow, lọ́dún 2014. Ó gòkè sí 63 àti ààbọ̀, ó gòkè sí 67, ó dé 70 ní 2024, kó tó wá kan 76 tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi kó kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jọ. Lẹ́yìn ìjà oṣù Kẹjọ 2024, ó lé ní ọdún kan tí kò fi bá ẹnikẹ́ni jà rárá. Canelo fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe òmìrán ní 76: láti 70 lòun náà ti gòkè wá, ìdúró wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, apá Crawford tún gùn ju tirẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí kílò lè fojú ènìyàn rí, kó wo Jermell Charlo. Gbogbo bẹ́líìtì kílò 70 lòun gbà pọ̀ ní 2022, ó sì ga ju Canelo lọ dáadáa. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, ó gba ọ̀wọ́ ìwọ̀n méjì tí Crawford gbà, láti 70 sí 76, gòkè lọ bá Canelo kan náà. Canelo gbé e kúnlẹ̀ ní abala keje, ìyókù òru ọjọ́ náà, sísá ló ń sá. Ṣé ọgbọ́n ni Charlo kò ní ni?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí òṣùwọ̀n ti kọ́ mi. Àwọn kan wà tó ń ta àgbàdo fún mi, mi ò ní dárúkọ wọn, tí wọ́n máa ń wọ́n omi sí i lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà. Tí ẹ bá ki ọwọ́ bọ inú àpò dé ìsàlẹ̀, ẹ ó bá òtútù níbẹ̀. Àpò tó yẹ kó jẹ́ 100 a wọn 104, èmi a sì sanwó omi. Iṣẹ́ kan náà ni oníjà ẹ̀ṣẹ́ ń ṣe, àmọ́ òdì kejì lòun gbà: ó ń fún omi ara rẹ̀ jáde kó tó gun òṣùwọ̀n, bó bá ti sọ̀ kalẹ̀, ó ń mu ún padà. Ọjọ́ kejì ni ìjà. Nọ́ńbà tí ẹ ń kà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, ti àná ni.

Ní oṣù Kejì ọdún 2000, ní New York, Arturo Gatti gun òṣùwọ̀n ní kílò 64 láti bá Joey Gamache jà. Nígbà tí yóò fi wọlé ìjà lọ́jọ́ kejì, ó ti tó 72 àti ààbọ̀. Kílò mẹ́jọ ó lé láàárín ọjọ́ kan! Abala kejì ni wọ́n gbé Gamache nílẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ fara gbá, kò sì kan ẹ̀ṣẹ́ mọ́ títí dòní. Lójú ìwé, ẹgbẹ́ ni wọ́n.

Ẹ wo ti Chris Eubank Kékeré àti Conor Benn náà, ní Lọ́ńdọ̀nù, oṣù Kẹrin 2025. Benn ló ti 67 gòkè wá sí 72 àti ààbọ̀, gbogbo wa sì ń káàánú rẹ̀ pé ó kéré. Eubank tó ga tó sì tóbi ni ìyà náà jẹ jù. Òun ni wọ́n ní kó gbẹ, òun ni wọ́n tún kọ ọ́ sínú àdéhùn fún pé láàárọ̀ ọjọ́ ìjà, kò gbọdọ̀ kọjá 77. Ó gun òṣùwọ̀n, ó fi ìdá kan nínú ogún ìwọ̀n pọ́n-ùn kan kọjá. Mo ṣírò rẹ̀: kò tó gíráàmù mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mo bu àgbàdo díẹ̀ sọ́wọ́, mo wọ̀n ọ́n, kò kún àtẹ́lẹwọ́ mi. Owó pọ́n-ùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì 375,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn. Ó jà, ó borí, ilé ìwòsàn ló sì sùn sí. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní oṣù Kọkànlá, Benn lù ú bí ẹni lu bàtá.

Bí mo ṣe mọ ìyà gbígbẹ yìí, kì í ṣe inú tẹlifíṣọ̀n ni mo ti kọ́ ọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń kan ẹ̀ṣẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà yẹn. Kóòṣì rẹ̀ ní kílò 60 ni kó ti lọ jà ní Kútọnu, torí àwọn tó wà ní 65 ga jù ú lọ. Ọjọ́rú ló wá gun òṣùwọ̀n mi: 64 ó lé díẹ̀. Àbámẹ́ta ni ìjà, àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sì máa wọ̀n wọ́n. Ọmọ yìí wọ súwẹ́tà, ó da aṣọ òjò lé e, ó ń sáré lọ sáré bọ̀ lẹ́bàá Àkàbà Ìdènà nínú oòrùn ọ̀sán, àwọn èrò ọjà ń bi ara wọn bóyá orí ọmọ náà pé. Kò mu omi. Agolo tòmátì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń tu itọ́ sí, títí itọ́ náà fi tán lẹ́nu rẹ̀. Lálẹ́ Ẹtì, ó tún gun òṣùwọ̀n: 60 géérégé. Ètè rẹ̀ ti bó, ojú rẹ̀ ti jìn wọlé. Ìyá rẹ̀ gbé ẹ̀kọ gbígbóná kọjá níwájú rẹ̀ láìmọ̀, ọmọ náà bú sẹ́kún. Ẹkún ni o, mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n omijé kò jáde.

Ní abala kejì, ó jókòó sílẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ojú ìjà. Ẹ̀ṣẹ́ kankan kò bà á. Omi ni wọ́n fi sí i lára nílé ìwòsàn títí ilẹ̀ fi ṣú. Kóòṣì ní ọmọ náà kò láyà. Mi ò dá a lóhùn, torí òṣùwọ̀n mi ni wọ́n fi ṣe é, èmi ni mo sì ń ka nọ́ńbà náà fún un tí mo ń sọ pé ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀.

Ẹ má rò pé mo ní kí ẹnikẹ́ni má gòkè o. Bàbá mi, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn, wà ní Ìbàdàn ní 1963, iṣẹ́ kòkó ló gbé wọn lọ. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún náà ni Dick Tiger, ọmọ Nàìjíríà, bá Gene Fullmer jà ní pápá Liberty. Bàbá ò rówó tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yìn ògiri ni wọ́n wà. Wọ́n ní nígbà tí Fullmer kọ̀ tí kò dìde fún abala kẹjọ, ariwo tó tinú pápá yẹn wá, ńṣe ni àwọn ewúrẹ́ tó wà níta fọ́n ká. A gbọ́ ìtàn yìí títí tí a fi lè sọ ọ́ fún wọn padà. Ìyókù rẹ̀ ni Bàbá kì í fẹ́ sọ. Ní oṣù Kẹrin 1966, Emile Griffith gòkè wá láti kílò 67, ó gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ Tiger. Kí ọdún yẹn tó parí, Tiger náà ti gòkè lọ sí 79, ó na José Torres, ó sì ti pé ẹni ọdún 37. Ó dùn, àbí? Ó dùn títí di 1968, tí Bob Foster, tó ga bí ọ̀pẹ, fi dúró dè é. Ẹ̀ṣẹ́ òsì kan ní abala kẹrin, Tiger nà gbalaja. Kò sẹ́ni tó ṣe irú rẹ̀ fún un rí.

Àwọn tó gòkè tó sì pẹ́ níbẹ̀, sùúrù ni wọ́n fi gòkè. Naoya Inoue ti Jàpáàn wà ní 49 ní 2014, ó dé 55 ní 2023. Kílò mẹ́fà, ọdún mẹ́sàn-án. Oleksandr Usyk ti Ukraine kúrò ní 91 ní òpin 2018, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún mẹ́ta kó tó kojú Anthony Joshua, ọmọ Ṣàgámù tiwa. Joshua fi kílò mẹ́jọ àti ààbọ̀ jù ú lórí òṣùwọ̀n, Usyk sì borí. (Ìrora yẹn ò tíì kúrò lára mi, ẹ má jẹ́ ká pẹ́ lórí rẹ̀.)

Sísọ̀kalẹ̀ ni mo rí i pé ọ̀gbẹ́ni Àjàṣẹ́ kò rò rárá. Roy Jones gòkè lọ bá John Ruiz láàárín àwọn ẹlẹ́ran ńlá ní oṣù Kẹta 2003, ó borí, ayé yìn ín. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ó ti bọ́ gbogbo ẹran tó kó jọ sílẹ̀, ó padà sí 79, agbára káká ló fi yọ lọ́wọ́ Antonio Tarver. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Tarver dá a dùbúlẹ̀ ní abala kejì, Glen Johnson náà tún dá a dùbúlẹ̀ ní abala kẹsàn-án. Roy Jones tí ẹnikẹ́ni kì í rí fọwọ́ kàn!

Ní ti ìjà tí èmi fẹ́, David Benavidez àti Dmitry Bivol ni, ní 79. Òṣùwọ̀n ló gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ Benavidez ní 2020, kì í ṣe ènìyàn; ebi ló ń fi mú ara rẹ̀ ní 76 nígbà yẹn. Bivol sì ni Canelo gòkè lọ bá ní 2022 tó fi ìdí rẹmi. Kò sẹ́ni tó máa gbẹ, kò sẹ́ni tó máa rù nínú irú ìjà bẹ́ẹ̀.

Olóòtú, ohun kan ni mo fẹ́ tọrọ. Tí ẹ bá ń kọ ìròyìn ìjà, ẹ bá wa yí pọ́n-ùn sí kílò, torí pọ́n-ùn kò yé wa ní Kétu. Ibi tí wọ́n bá sì ti sọ iye tí oníjà wọ̀n lọ́jọ́ ìjà gan-an, ẹ bá wa kọ ìyẹn sí i. Ọ̀gbẹ́ni Àjàṣẹ́ náà, tó bá gba ọ̀nà Kétu lọ́jọ́ ọjà, kó yà sọ́dọ̀ mi, kọfí wà. Yóò bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi níbẹ̀. 65 ló ti ń jà báyìí, àwọn tó ga jù ú lọ ń nà án nígbà mìíràn, òun náà ń na àwọn kan, ó sì ń mu ẹ̀kọ rẹ̀ tán.

Èmi ni tiyín,
Alágbàdo, Kétu.