Orúkọ àtẹ ohùn lójú ẹ̀rọ kì í ṣe ẹ̀rí

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Àwọn atẹdùùrù tó ń fi synthesizer (dùùrù oníná) wá ohùn orin àwọn Lárúbáwá, èyí tí wọ́n máa ń pín ọ́kítéèfù rẹ̀ (àlàfo láti A kan dé A tó tẹ̀lé e) sí 24 dípò 12, ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún. Ẹ má gba orúkọ àtẹ ohùn, ìyẹn ètò tí ẹ̀rọ fi ń pín ohùn, tó hàn lójú ẹ̀rọ gbọ́.

Ẹ kọ́kọ́ pa chorus, vibrato àti detune, àwọn ètò tó ń mú ohùn gbọ̀n tàbí yẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òǹkà orí tuner (ohun tí a fi ń wọn ohùn) kò ní dúró sójú kan. Ẹ tẹ A tó jẹ́ 440 Hz. Kíì tó tẹ̀lé e lápá ọ̀tún gbọ́dọ̀ jẹ́ nǹkan bíi 452.9. Bí ó bá jẹ́ 466.2, orí 12 lẹ ṣì wà. Etí lásán náà lè mọ̀ ọ́n: ẹ ka kíì 12 sókè láti ibi A, dúdú àti funfun, kí ẹ tẹ A àti kíì kejìlá yẹn pọ̀. Bí wọ́n bá wọnú ara wọn bí ohùn kan ṣoṣo, àtẹ náà kò ṣiṣẹ́. 622.3 ló yẹ kí kíì kejìlá náà jẹ́, yóò sì dún bí ìjà létí. Kíì kẹrìnlélógún ló ń fúnni ní 880.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń tọ́jú àtẹ ohùn sínú patch (irú ohùn tí ẹ yàn lórí ẹ̀rọ) kọ̀ọ̀kan: ẹ yí patch, 12 ti padà dé nìyẹn. Bí pitch bend (àṣẹ tó ń fa ohùn sókè tàbí sísàlẹ̀) bá ni kọ̀ǹpútà fi ń yí ohùn, bend range (ibi tí bend lè fa ohùn jìnnà dé) ti kọ̀ǹpútà àti ti synthesizer gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 2, tí èkejì jẹ́ 48, gbogbo rẹ̀ á dàrú. Bend kan sì ń yí gbogbo ohùn orí channel (ọ̀nà tí àṣẹ ń gbà dé ẹ̀rọ) kan náà, nítorí náà kọ́ọ̀dù, ìyẹn ohùn mélòó kan tí a tẹ̀ pọ̀, ni kí ẹ fi dán an wò.

Àwa òǹkàwé yín,
Ìbàdàn